Awakùsà gbé ìwé wá sílé baálé: kí gan-an ni ẹbí onílẹ̀ ń fọwọ́ sí?

Bí wọ́n ṣe máa ń wá kì í yàtọ̀ púpọ̀. Jíìpù kan á dúró lẹ́nu ọ̀nà baálé, ọkùnrin méjì mẹ́ta á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti rí wúrà, lithium tàbí òkúta tó dáa lórí ilẹ̀ ẹbí. Wọ́n á gbé ọtí àti owó díẹ̀ kalẹ̀, wọ́n á wá na ìwé kan sí bàbá: "Bàbá, ẹ kàn bá wa fọwọ́ sí ibí yìí." Láti agbègbè Ìléṣà dé Òkè-Ògùn, irú àlejò yìí kì í ṣe tuntun mọ́.

Ohun tó yẹ kí ẹbí kọ́kọ́ mọ̀ ni pé wúrà yẹn kì í ṣe tiwọn. Ó lè dunni, àmọ́ ohun tí òfin sọ nìyẹn. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 àti òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ ti ọdún 2007 fi gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú ilẹ̀ sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀. Ibí yìí ni ìmọ̀ràn táwọn ọmọ ẹbí tó wà ní Amẹ́ríkà ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ti máa ń da nǹkan rú. Ní Texas, onílẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó ni epo abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, kódà ó lè ta ilẹ̀ kó má ta epo mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ epo á sanwó fún un lórí éékà kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tó bá fọwọ́ síwèé, á sì tún máa fún un ní ìpín nínú epo tó bá jáde. Láyé àtijọ́, ìdá kan nínú mẹ́jọ ló wọ́pọ̀. Lónìí, àwọn kan ń gba ìdá kan nínú mẹ́rin. Lọ́dọ̀ tiwa, ìjọba àpapọ̀ ni awakùsà ń san irú owó bẹ́ẹ̀ fún. Ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún tí òfin ní kó padà síbi tí nǹkan ti jáde, àpò ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń wọ̀.

Kí ló wá kù fún ẹbí? Ìyọ̀ǹda ni. Òfin ọdún 2007 ní kí ẹni tó ń béèrè àṣẹ láti wa kùsà fi tó onílẹ̀ tàbí ẹni tó ń lo ilẹ̀ náà létí, kó sì gba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ìwé tí wọ́n nà sí bàbá nìyẹn. Wọ́n á gbé e lọ sí Mining Cadastre Office, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń fúnni níwèé àṣẹ ìwakùsà. Tí baálé bá sì ti fi í sílẹ̀ nítorí owó ọtí, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tí ẹbí fi máa dúnàádúrà mọ́.

Àwọn míì tó ń kó ìwé kiri yìí ò ní katapílà kankan, wọn ò sì gbèrò àtiwa nǹkan kan. Wọ́n kàn fẹ́ gba àṣẹ kí wọ́n lọ tà á fún ẹlòmíì ni. Ìgbà tó bá yá, àjèjì tẹ́nì kankan ò rí rí á dé, á ní òun ò mọ̀ sí ìlérí tí wọ́n ṣe. Ìdí rèé tí gbogbo ìlérí fi gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, pẹ̀lú gbólóhùn tó sọ pé ó de ẹnikẹ́ni tó bá gba àṣẹ náà lẹ́yìn wọn. Iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn, kì í ṣe ti ọmọ tó ka ìwé jù lọ nínú ẹbí.

Ẹ béèrè irú àṣẹ tí wọ́n ń wá. Àṣẹ láti wá ohun àlùmọ́ọ́nì kiri, ọdún mẹ́ta ni, kí wọ́n tó tún un gbà. Ti fífọ́ òkúta, ọdún márùn-ún. Àmọ́ líìsì ìwakùsà ńlá ń lọ tó ọdún 25, ilẹ̀ rẹ̀ sì lè fẹ̀ tó 50 kìlómítà níbùú lóròó. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí bàbá fọwọ́ síwèé á ti tó ẹni tó ń fẹ́yàwó kó tó tán.

Ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ tí ẹbí fúnra wọn gbà wo àwọn nọ́ńbà ààlà inú ìwé náà. Òfin yọ ìlú, abúlé, ọjà, itẹ́ òkú àti ojúbọ sílẹ̀. Ẹ tún wádìí ní Mining Cadastre Office bóyá ìwé àṣẹ tí wọ́n ń gbé kiri ṣì wà láàyè. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ fagi lé 1,633 irú ìwé bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn tó ni wọ́n ò san owó ọdọọdún.

Owó gbà-má-bínú ni ti kòkó, ọ̀pẹ, ilé àti ilẹ̀ tó bá bàjẹ́. Ẹ ka igi, ẹ ya fọ́tò kí ẹ̀rọ tó wọlé, nítorí kòkó tí wọ́n bá ti wó, kò sẹ́ni tó máa gbà pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ náà lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ohun tó gbìn, bí onílẹ̀ bá tiẹ̀ gbàgbé rẹ̀. Ọ̀tọ̀ tún ni àdéhùn ìdàgbàsókè tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá gbogbo ìlú ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lórí ọ̀nà, omi, ilé ìwé tàbí iṣẹ́ fáwọn ọ̀dọ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá gbẹ́ kànga fún ìlú ò tíì san gbèsè kòkó ẹnì kankan.

Ẹnì kan ṣoṣo ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Tí olórí ẹbí bá dá a ṣe láìsí àwọn aṣojú ojúlé yòókù, kóòtù lè fagi lé e, ìjà inú ẹbí á sì bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ẹbí lè kọ̀ pátápátá? Wọ́n lè kọ̀, àmọ́ òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fún gómìnà lágbára láti gba ilẹ̀ padà nítorí ìwakùsà, owó gbà-má-bínú ò sì ní torí ìyẹn di ọ̀fẹ́. Tí ilé-iṣẹ́ bá kọ̀ láti sanwó, òfin ọdún 2007 dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ ohun àlùmọ́ọ́nì àti àyíká, MIREMCO ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni kí ẹbí kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà ìwé àti fọ́tò oko mọ́ ọn.