Bí Ajá Àgbà Bá Fẹ́ Lọ, Tí Èkejì Rẹ̀ Sì Kù Nílé



Ìbéèrè kan wà tó máa ń dé ọ̀dọ̀ mi láti Ìjẹ̀bú-Igbó, láti Àgọ́-Ìwòyè, títí dé ìhà Àbígí ní Ogun Waterside. Ajá méjì wà nínú ilé. Èyí àgbà ti kú, tàbí ó ti kù díẹ̀ kó kú. Èkejì wá ń hu lóru, kò jẹun mọ́, ibi tí àgbà yẹn máa ń sùn sí ló ń lọ sùn. Àwọn ará ilé á ní ajá náà ti rí ohun tí ojú ènìyàn kò rí, pé ikú ṣì wà nínú ilé, pé ènìyàn ló kàn. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, wọ́n á ti gbé ajá tó kù lọ já sílẹ̀ lọ́nà oko, tàbí kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra ajá pa jẹ. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ajá tó ń ṣọ̀fọ̀ ni wọ́n ń lé jáde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ipò ajá láàrin wa. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé oúnjẹ Ògún ni ajá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró sí. Ṣùgbọ́n Ògún kan náà ni baba àwọn ọdẹ, ta ló sì ń bá ọdẹ wọ igbó bí kò ṣe ajá? Ajá tí a rà fún ìbọ wà lọ́tọ̀, ajá tó ti bá ilé ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún ọdún mẹ́wàá wà lọ́tọ̀. Àwọn kan máa ń bi mí pé, “Bàbá, nígbà tó ti darúgbó báyìí, ṣé kí a kúkú fi bọ Ògún?” Rárá o. Ohun tó pé tó sì dára là ń mú wá síwájú òrìṣà. Kò yẹ kí ènìyàn sọ ẹbọ di ọ̀nà tí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Níwájú irin la ti ń búra, Ògún sì mọ ẹni tó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe é dópin.

Ẹ tún wo orúkọ tí àwọn bàbá wa ń sọ ajá. Ta-ni-mọ̀-ọ̀la, Ẹ̀yìn-là-á-rò: òwe ni, ọ̀rọ̀ tí olówó ajá fẹ́ kí àdúgbò gbọ́. Bó bá ti ń pe ajá rẹ̀ ló ń fèsì fún ọ̀tá. Ẹran tí a fi ọ̀rọ̀ ẹnu wa sí lára kì í ṣe ẹran lásán.

Nínú igbó tó yí Ìjẹ̀bú-Igbó ká, ọdẹ tó mọṣẹ́ kì í fẹ́ ní ajá ẹyọ kan. Àgbà ló ń kọ́ ọmọdé. Ọmọdé á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, á máa wo ibi tó fi imú sí, títí yóò fi mọ ipasẹ̀ ọ̀yà yàtọ̀ sí ti ẹtu. Irú ajá bẹ́ẹ̀, bí àgbà rẹ̀ bá lọ, olùkọ́ rẹ̀ ló lọ. Kí ló dé tí yóò fi yà wá lẹ́nu pé ó ń ké?

Ohùn híhu yẹn ni ajá fi ń pe ara wọn láti ọ̀nà jíjìn. Imú rẹ̀ ṣì ń gbọ́ òórùn ẹnìkejì lára àpò, lára ògiri, lára abọ́ oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò rí i. Ó ń pè é ni. Ní 2022, àwọn olùwádìí ní Ítálì tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde: wọ́n bi àwọn olówó ajá 426 tí ọ̀kan nínú ajá wọn ti kú tí òmíràn sì ṣẹ́kù. Ìdá 86 nínú 100 wọn ní ìwà èyí tó kù yí padà. Òmíràn kò fẹ́ ṣeré mọ́, òmíràn ń sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òmíràn di ojo, oúnjẹ àwọn kan dín kù, àwọn kan ń ké. Wọ́n tún rí i pé iye ọdún tí ajá méjèèjì fi jọ gbé kọ́ ló ń pinnu rẹ̀, bí kò ṣe bí wọ́n ṣe rẹ́ tó, bóyá wọ́n jọ ń jẹun pọ̀, àti bí ìbànújẹ́ olówó wọn ṣe pọ̀ tó. Ẹ kíyè sí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Bí ẹ̀yin bá jókòó tí ẹ ń sunkún, ajá ń wò yín.

Ṣé mo wá ń sọ pé kí ẹ má bi Ifá? Babaláwo ni mí, n kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kó dá obì, kó tọ babaláwo lọ. Bí Ifá bá ní kí a rúbọ, ká rú u. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ṣe odù, ajá tó hu lóru kò sì tíì di àṣẹ Ifá. Ẹni tó bá lé ajá jáde kó tó béèrè, òun ló dá a fún ara rẹ̀.

Bí àgbà bá ṣì wà láàyè, ẹ ó rí àmì rẹ̀: ojú á funfun bí ẹni pé èéfín bò ó, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á máa gbọ̀n, á máa tọ̀ síbi tó sùn sí. Ẹ má yà wọ́n nípa, àfi bí dókítà ẹran bá ní àrùn tó ń ràn ni. Ẹ sáà fún wọn lóúnjẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ọmọdé á gba ti àgbà jẹ. Tí ìrora bá pọ̀ jù, dókítà ẹran ní abẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn lọ láìjẹ̀rora. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní FUNAAB ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú. Oògùn eku tí àwọn kan ń fi sínú oúnjẹ fún un, àti kùmọ̀, ìwà ìkà ni. Èkejì náà sì lè jẹ oúnjẹ olóró yẹn.

Tó bá ti kú, ẹ jẹ́ kí èkejì wá gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ẹ tó gbé e. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàrin àwọn ará New Zealand àti Australia, tó jáde ní 2016, kò rí ìyàtọ̀ láàrin ẹran tó rí òkú ẹnìkejì rẹ̀ àti èyí tí kò rí i. Mo gbọ́. Síbẹ̀, mo máa ń jẹ́ kó rí i. A kì í fi òkú pamọ́ fún ẹbí.

Ibi kan ṣoṣo tí ẹ kò gbọdọ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀ rèé. Bí ìwà àgbà bá ṣàdédé yí padà kó tó kú, tí itọ́ ń ya lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé omi mì, tó ń bu ohun gbogbo jẹ, dìgbòlugi lè ni. Ẹ má fọwọ́ kan án, ẹ má jẹ́ kí èkejì sún mọ́ ọn, ẹ pe dókítà ẹran. Ẹni tó bá bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Tí àìsàn yẹn bá ti fara hàn lára ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é. Ara ajá ni ìdá 99 nínú 100 ti ń kó o.

Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kó jìnnà sí kànga, kí ajá mìíràn má baà hú u. Ẹ̀yin tí ẹ wà létí omi, mo mọ̀ pé ilẹ̀ yín rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jù ú sódò. Ẹ wá ibi tó ga.

Lẹ́yìn náà, ẹ má yí àkókò oúnjẹ èyí tó kù padà. Ẹ má fi agbára mú un jẹun, ẹ jókòó tì í. Ẹ fi àpò àgbà sílẹ̀ fún un fún ọjọ́ mélòó kan. Bí kò bá fẹnu kan omi fún odidi ọjọ́ kan, tàbí tí kò jẹun fún ọjọ́ méjì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí ó lè jẹ́ àìsàn kan náà ló ń ṣe é. Ọmọ ajá tuntun lè dúró títí oúnjẹ yóò fi máa wọlé fún un dáadáa. Nígbà tí ẹ bá sì mú un wá, ìta ni kí ẹ ti jẹ́ kí wọ́n pàdé, kì í ṣe nídìí abọ́, kí ẹ sì sọ ọ́ ní orúkọ tirẹ̀.