Òdiwọ̀n Ìwà: Ojúṣe tàbí Àbájáde?

Lójú Immanuel Kant (1785), ojúṣe ni òdiwọ̀n ìwà: ohun tí ènìyàn kò lè fẹ́ kí ó di òfin fún gbogbo ayé kò tọ́. Nítorí náà, ó sọ ní 1797 pé a kò gbọdọ̀ purọ́, kódà fún apànìyàn tí ń wá ẹni tí yóò pa. Lójú John Stuart Mill (1861), àbájáde ni òdiwọ̀n. A lè fi òtítọ́ pamọ́ fún aṣebi.

Bí bàbá bá fi ìbínú gbé pàṣán wá ọmọ rẹ̀ dé ilé-ìwé, olùkọ́ lè dákẹ́, nítorí gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Ṣùgbọ́n níbi tí ìdákẹ́ bá ti lè tú àṣírí, ààbò ọmọ ni ó wúwo jù.