Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà? Bí A Ṣe Ń So Iṣẹ́ Sọ́fítíwíà Mọ́ Kubernetes

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ẹ̀ka yìí ló ń kọ sọ́fítíwíà báyìí fún iṣẹ́ àṣekágbá: èyí tó ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, èyí tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú àkójọ èdè, ìwé atúmọ̀ orí fóònù. Iṣẹ́ náà á dára, àwọn olùkọ́ á yìn ín, ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà alágbèéká ẹnìkan ṣoṣo ló máa ń wà. Lọ́jọ́ tí onítọ̀hún bá lọ ṣe agùnbánirọ̀, iṣẹ́ náà bá a lọ nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí a ṣe lè gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè lò ó, pàápàá ìgbésẹ̀ tó máa ń rú ni lójú jù: síso ibi tí kóòdù wà mọ́ ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́.

Kọ̀ǹténà àti atukọ̀

Ẹ wo àwọn kọ̀ǹténà tó ń gúnlẹ̀ ní èbúté Àpápá. Ìwọ̀n wọn bára mu, nítorí náà ohun tó wà nínú wọn kò kan ẹ̀rọ tó ń gbé wọn. Kọ̀ǹténà ti sọ́fítíwíà náà rí bẹ́ẹ̀: a ó di kóòdù pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tó nílò, kí ó lè ṣiṣẹ́ bákan náà níbi gbogbo. Docker ló sọ ọ̀nà yìí di ìlú-mọ̀ọ́ká láti ọdún 2013.

Bí kọ̀ǹténà bá pọ̀, wọ́n nílò olùdarí. Iṣẹ́ Kubernetes nìyẹn. Google ló gbé e síta lọ́dún 2014. Ó máa ń kó ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ bí ẹni pé ẹyọ kan ni wọ́n. Cluster ni wọ́n ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní agbo. Bí kọ̀ǹpútà kan nínú agbo bá kú, Kubernetes á gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún òmíràn.

Orúkọ náà á dùn mọ́ àwa onímọ̀ èdè. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni atukọ̀. Èdè Látìn yá a lò, ibẹ̀ ni governor ti Gẹ̀ẹ́sì ti wá, àwa náà sì yá a, ó di gómìnà. Ẹbí kan náà ni Kubernetes àti gómìnà. Bí ẹ bá sì rí K8s, lẹ́tà mẹ́jọ tó wà láàárín K àti s ni wọ́n fi 8 rọ́pò.

Ẹ tún wo irú gbólóhùn tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀. Kì í sábà jẹ́ gbólóhùn àṣẹ, pé ṣe èyí, kí o tó ṣe tọ̀hún. Gbólóhùn àlàyé la máa ń kọ sínú fáìlì YAML: ẹ̀dà mẹ́ta áàpù yìí wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí Kubernetes bá rí i pé méjì ló wà, á dá ẹ̀kẹta fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà méjì

Ẹ jẹ́ ká ní orí GitLab ni kóòdù wa wà. Báwo ni yóò ṣe dé inú agbo? Ọ̀nà àtijọ́ ni pé kí a kó àdírẹ́sì agbo àti ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún GitLab. Ó dà bí ẹni tó gé kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ fún ará ìta, tó tún ṣí géètì sílẹ̀ dè é. GitLab fúnra rẹ̀ kéde ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2021, nínú ẹ̀yà 14.5, pé òun ń pa ọ̀nà yìí tì.

Ọ̀nà tuntun ni agent, ìyẹn aṣojú. Sọ́fítíwíà kékeré kan ni, inú agbo ló ń gbé, òun ló sì ń pe GitLab láti inú wá síta. GitLab kì í wá kanlẹ̀kùn. Nítorí náà, agbo tó wà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, tó ń lo dátà fóònù, ṣeé so. Dọ́là ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń gbà fún agbo orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè fi minikube tàbí k3s kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ tó náwó.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin

1. Nínú iṣẹ́ yín lórí GitLab, ẹ dá fáìlì yìí sílẹ̀: .gitlab/agents/asoju/config.yaml. Orúkọ aṣojú ni "asoju". Lẹ́tà kékeré tí kò lámì ni wọ́n ń gbà.

2. Ẹ lọ sí Operate, lẹ́yìn náà Kubernetes clusters, kí ẹ forúkọ aṣojú sílẹ̀. GitLab á fún yín ní tókìn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa fi hàn yín, ẹ tọ́jú rẹ̀.

3. Ẹ da àṣẹ Helm tí GitLab kọ fún yín sínú terminal. Òun ló ń gbé aṣojú wọnú agbo.

4. Ẹ fi ìlà méjì yìí sínú iṣẹ́ tí ń gbé áàpù síta nínú .gitlab-ci.yml:

kubectl config use-context egbe/atumo:asoju
kubectl apply -f deployment.yaml

Ìlà kìíní sọ agbo tí à ń bá sọ̀rọ̀: egbe/atumo ni ibi tí iṣẹ́ wà, asoju ni aṣojú. Ìlà kejì gbé fáìlì àlàyé wa fún un. Nígbàkigbà tí ẹ bá ṣe kọ̀ǹténà tuntun, ẹ yí nọ́ńbà ẹ̀yà rẹ̀ padà nínú deployment.yaml. Bí àlàyé kò bá yí padà, Kubernetes á gbà pé ohun tí ẹ fẹ́ ti wà nílẹ̀, kò sì ní ṣe nǹkan kan.

Ẹ dín agbára aṣojú kù

Ibí yìí ló ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ bá lo àṣẹ Helm yẹn bó ṣe wà, aṣojú á gba agbára cluster-admin, ìyẹn agbára lórí ohun gbogbo nínú agbo. Lórí kọ̀ǹpútà tiyín, kò burú. Nínú agbo tí ẹ̀ka jọ ń lò, ẹni tó bá ráàyè yí kóòdù yín padà lè pa iṣẹ́ gbogbo ènìyàn rẹ́. Ẹ ya namespace kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yín, kí ẹ fi Role àti RoleBinding dá aṣojú dúró sínú rẹ̀ nìkan. Ẹ má sì kọ tókìn sínú kóòdù láéláé.

Lọ́dún 2018, ilé iṣẹ́ ààbò RedLock ròyìn pé ojú ìdarí Kubernetes kan tó jẹ́ ti Tesla kò ní pásíwọ́ọ̀dù, àwọn kan sì wọlé, wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà wa owó kírípítò. Tesla lówó tó lè gba irú àdánù bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Àwa ńkọ́?

Lákòótán, ẹ fi ẹni kejì ṣe Maintainer lórí GitLab kí ẹ tó jáde, ẹni tó ṣì kù ní ipele kejì tàbí ìkẹta. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí irú iṣẹ́ yìí sì jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ yín, bí ẹ bá lè fi wákàtí kan jókòó ti àwọn àbúrò yín, a ó dúpẹ́.