Ohun tí Ó Ń Mú Iṣẹ́ Ìwádìí Gbèrú ní Yunifásítì

Orúkọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ní Erékùṣù Èkó, ń sọ ìtàn rẹ̀: àwọn tí ó bá Kòsọ́kọ́, tí ó ti jọba Èkó rí, àti Òṣòdì Tápà ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ ní ọdún 1862 ni ó tẹ̀dó síbẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1962, ni a dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀. Olùkọ́ ibẹ̀ tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn àwọn agbo ilé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó yóò lọ, yóò bọ̀; yóò jókòó ti àwọn àgbà; yóò fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wé ìwé ilẹ̀ àti ìwé kóòtù. Bí kò bá ráyè lónìí, àgbà tí ó mọ̀ ọ́n lè má sí lọ́la.

Kí ni ó ń dí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́? Àwọn kan a máa sọ pé ìmẹ́lẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí kíláàsì rẹ̀ bá kún àkúnya, tí a tún fi í sí ìgbìmọ̀ mẹ́ta, tí owó oṣù rẹ̀ sì pẹ́, iṣẹ́ ìwádìí ni yóò kọ́kọ́ fi sílẹ̀, nítorí pé ìyẹn nìkan ni kò ní agogo tí ń lù. Bí ó bá sì jẹ́ pé iye ìwé nìkan ni a ń kà kí a tó gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́, yóò gé ìwádìí kan sí wẹ́wẹ́ kí iye lè pọ̀.

Àpẹẹrẹ rere wà nílé. Ní 1970, ní Yunifásítì Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣe aṣáájú ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà kan: kí a fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàrin ẹ̀kọ́ yòókù. Àjọṣe ni iṣẹ́ náà: àwọn onímọ̀ pawọ́ pọ̀ kọ ìwé tí àwọn ọmọ yóò lò, Ford Foundation ti Amẹ́ríkà sì fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní 1989 ni ìwé tí ó ṣe àkójọ àbájáde rẹ̀ jáde. Bí ó bá jẹ́ pé iye ìwé ọdọọdún nìkan ni a fi wọ̀n wọ́n ni, ta ni ìbá dúró de ọmọ títí ọdún mẹ́fà?

Ìmójútó òṣìṣẹ́, nígbà náà, ju ìgbanisíṣẹ́ àti ìbániwí lọ. Ó yẹ kí olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lè dín iṣẹ́ kíláàsì olùwádìí kù fún sáà kan. Ó yẹ kí a so ọ̀dọ́ olùkọ́ mọ́ àgbà, nítorí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ó yẹ kí àwọn tí ń dá ẹjọ́ ìgbéga ka iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Owó oṣù sì gbọ́dọ̀ dé lásìkò: ní 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gba oṣù mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó kò dẹ́kun dídàgbà títí a fi ṣí ilẹ̀kùn padà.