Àfín náà lórúkọ: Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń dá egbò sọ́kàn

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé èébú kò dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò ka ọ̀rọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń sọ sí ọmọnìkejì lójoojúmọ́ sí nǹkan kan. Lára àwọn tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bá fínra ni àwọn àfín.

Bí àfín bá wọ ọkọ̀, ẹni tó jókòó tì í lè sún kúrò. Bó bá dé ọjà, àwọn ọmọdé á máa pè é ní òyìnbó, àwọn ìyá wọn á sì máa rẹ́rìn-ín. Níbi àsè, ẹni tó ń bu oúnjẹ lè béèrè lójú gbogbo èrò bóyá ó ń jẹ iyọ̀. Nílé ìwé, olùkọ́ lè pè é ní ọ̀lẹ nítorí pé kò rí ohun tó wà lójú pátákó. Ẹni tó sọ̀rọ̀ á ní eré lòun ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ ọ láràárọ̀ kò lè kà á sí eré mọ́. Àwọn ọmọ mìíràn tilẹ̀ lè tìtorí rẹ̀ sá nílé ìwé.

Lọ́dún 1970, Chester Pierce, dókítà aláwọ̀ dúdú tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, fún irú ìwọ̀sí kéékèèké báyìí lórúkọ. Àlàyé rẹ̀ ni pé ẹyọ kan rẹ̀ lè má tó nǹkan, àpapọ̀ wọn ló ń pani lára.

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé èròjà tó ń fún awọ, irun àti ẹyinjú ní àwọ̀ ni kò tó lára àfín. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ sábà ti ń jogún rẹ̀, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ dúdú. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá. Iyọ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Oòrùn ni ọ̀tá àfín, nítorí ó lè fa jẹjẹrẹ awọ. Fìlà tó fẹ̀, aṣọ alápá gígùn àti ìjókòó iwájú ní kíláàsì ló yẹ kí a fún un, kì í ṣe ẹ̀rín. Àwọn baba ńlá wa pàápàá ń pè wọ́n ní ẹni òòṣà, ọmọ Ọbàtálá tí a kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí ló wá yẹ ní ṣíṣe? Ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí lè fi sùúrù sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, orúkọ mi ni kí ẹ máa pè.” Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ló sọ ọ́, tí ọmọdé kò lè dá a lóhùn, kí àgbà mìíràn tó wà níbẹ̀ bá a sọ ọ́. Ẹ̀rín ẹni tó ń wòran ló ń fún asọ̀rọ̀ lágbára. Ẹni tí wọ́n bá pe àkíyèsí rẹ̀ sí i, kó tọrọ àforíjì, kó má ṣe àwíjàre.

Òfin náà wà. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 lòdì sí yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀. Ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kọ́ ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.