Súìṣì Abẹ́ Bọ́tìnnì: Irú Rẹ̀ àti Yíyàn Rẹ̀

Rọ́bà ni ó wà lábẹ́ bọ́tìnnì púpọ̀ nínú àwọn pátákó ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà. Ti pátákó onísúìṣì yàtọ̀: bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní súìṣì tirẹ̀, tí sípíríǹgì ń gbé padà sókè.

Oríṣi mẹ́ta ni súìṣì wọ̀nyí. Súìṣì ọ̀bọ̀rọ́ a máa wọlẹ̀ geere. Súìṣì oníkókó ní ìgbérí kékeré tí ìka ń mọ̀ lára bí lẹ́tà bá fẹ́ jáde. Súìṣì oníró ní kókó, ó sì tún ń dún. Nínú súìṣì Cherry MX ti ilẹ̀ Jámánì, ọ̀bọ̀rọ́ pupa gba agbára bí ìwúwo gíráàmù 45, oníkókó aláwọ̀ ilẹ̀ gba 55, oníró aláwọ̀ búlúù sì gba 60. Àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà bíi Gateron àti Kailh ń ṣe irú wọn ní owó tí kò wọ́n.

Ẹni tí ń tẹ Yorùbá a máa fi àmì ohùn kún lẹ́tà. Ìtẹ̀ rẹ̀ pọ̀, nítorí náà súìṣì tí kò le ni ó yẹ ẹ́. Ní ọ́fíìsì kan ní Àpápá GRA tí atẹ̀wé púpọ̀ ti jókòó pọ̀, oníró yóò di ìyọlẹ́nu. Afẹ́fẹ́ etí omi a sì máa mú irin dípẹtà. Pátákó tí a lè yọ súìṣì rẹ̀ láìyọ́ òjé ni ó sàn jù níbẹ̀: bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ọ̀kan náà ni a ó pààrọ̀.