Ìpìlẹ̀ Ìdánwò: Dátà Ìpèsè fún Ètò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí. Lójú lásán, gbogbo wọn ni ó ń dán; ọjọ́ tí máàkì ọmọ kan bá lọ bọ́ sábẹ́ orúkọ ọmọ mìíràn ni àṣírí ń tú. Nítorí èyí ni àwọn tí ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ fi ń kọ ìdánwò tì í, èyíinì ni ètò kékeré tí yóò máa bi ètò ńlá léèrè ọ̀rọ̀, tí yóò sì máa fi ìdáhùn rẹ̀ wé èyí tí ó tọ́.

Ẹni tí yóò dán ènìyàn wò gbọ́dọ̀ ti mọ ìdáhùn ṣáájú. Olùkọ́ kẹ́mísírì tí ó gbé iyọ̀ aláìlórúkọ síwájú akẹ́kọ̀ọ́ mọ iyọ̀ tí òun fi sínú ìgò. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kò sí bí yóò ti mọ ẹni tí ó gbà á àti ẹni tí ó ṣì í. Dátà tí a mọ̀ dájú, tí a tò kalẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní fixture. Kent Beck, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lo ọ̀rọ̀ náà nínú ohun tí ó kọ ní ọdún 1994 lórí ìdánwò ètò tí a fi èdè Smalltalk kọ.

Ọ̀pọ̀ ni ó máa ń rò pé ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni kí a da dátà àwọn ènìyàn gidi kọ sínú ìdánwò. Ewu mẹ́ta ni ó wà nínú èyí. Èkíní, ohun àṣírí olóhun yóò di ohun tí ojú gbogbo òṣìṣẹ́ ń rí. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Nàìjíríà ti ní òfin lórí ààbò dátà láti ọdún 2023. Èkejì, dátà gidi ń yí padà lójoojúmọ́, nítorí náà ìdáhùn àná kì í ṣe ìdáhùn òní. Ẹ̀kẹta, bí a bá ṣèèṣì darí ìdánwò tí ń pa nǹkan rẹ́ sí ibi tí ojúlówó dátà wà, òfò ńlá dé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi Django ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2003 ni Adrian Holovaty àti Simon Willison bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní ìlú Lawrence, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2005 ni ó di ohun tí gbogbo ayé lè lò. Bí ìdánwò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Django kì í fọwọ́ kan ilé ìpamọ́ dátà gidi. Yóò kọ́ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò sì kó dátà ìpèsè sínú rẹ̀ láti inú fáìlì, tí ó sábà máa ń jẹ́ ti JSON. Bí ìdánwò kan bá parí, yóò dá gbogbo ohun tí ìdánwò náà yí padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, bí olùkọ́ ti ń nu pátákó kí olùkọ́ mìíràn tó wọlé. Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, yóò wó ilé ìpamọ́ náà dànù. Láìsí ìnupátákó yìí, ìdánwò kejì yóò máa jogún èérí èkíní, a kò sì ní mọ èyí tí ó jẹ̀bi.

Dátà ìpèsè kò ní láti pọ̀. Ká ní ètò èsì ilé-ẹ̀kọ́ ni a fẹ́ dán wò, tí máàkì ìyege sì jẹ́ 40. Ọmọ mẹ́ta tó: ọ̀kan gba 39, ọ̀kan gba 40, ẹ̀kẹta kò tíì ṣe ìdánwò rárá, àyè rẹ̀ ṣófo. Ìdáhùn tí ó tọ́ ni pé ẹnì kan yege, ẹnì kan kò yege, ẹnì kan kò sì ní èsì. Bí ètò bá ní ọmọ méjì ni kò yege, a mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó ka àyè òfìfo sí òdo. Ọmọ tí àìsàn dè mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò ni àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ìbá sọ di olódo.

Ṣùgbọ́n dátà ìpèsè náà ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, kò sẹ́ni tí yóò mọ ìdánwò tí ó gbára lé èwo. Bí a bá fi ẹ̀ka tuntun tí kò gbọdọ̀ ṣófo kún ilé ìpamọ́, dandan ni kí a tún fáìlì ìpèsè náà ṣe. Ọjọ́ ìbí pẹ̀lú ń tan ni jẹ: ọmọ tí a pè ní ọdún 17 lónìí yóò pé 18, ìdánwò yóò sì kùnà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ètò. Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi ń yàn láti máa ṣẹ̀dá dátà díẹ̀ nínú ìdánwò fúnra rẹ̀, níbi tí ojú gbogbo ènìyàn yóò ti tó o.

Ọ̀nà yòówù tí a bá yàn, kókó kan náà ni: kí dátà kéré, kí ó hàn kedere, kí ó má sì jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò tí kò ní ìpìlẹ̀.